Kúláǹtì ń dínkù lára BMW 325i àtijọ́ (E36, ẹ́ńjìnnì M50): ibo ló ń gbà jò?

Owé_325 (Kàbà)

Òkun o, ẹ̀yin ará ilé. BMW 325i onílẹ̀kùn méjì ni mọ́tò náà, ti ọdún 1993, jíà ọwọ́, ẹ́ńjìnnì M50 onísílíńdà mẹ́fà. Tí ó bá ti Kàbà lọ sí Lọ́kọ́jà tó sì padà, kúláǹtì, omi tó ń mú ẹ́ńjìnnì tutù, á ti fi bí ìdajì lítà dínkù. Lójú ọ̀nà tó já gaara, abẹ́rẹ́ géèjì kì í kúrò láàárín. Ṣùgbọ́n tí tírélà sìmẹ́ǹtì bá dí ọ̀nà ní apá Ọ̀bájánà, tí à ń rìn kẹ́jẹ́kẹ́jẹ́, abẹ́rẹ́ á kọjá àárín. Kò sí omi nílẹ̀ lábẹ́ iwájú mọ́tò tí ilẹ̀ bá mọ́, àfi ẹ̀kán díẹ̀ ní ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì níbi tó ti so mọ́ jíà. Òórùn kan tó dùn bíi ṣúgà máa ń jáde lẹ́yìn tí a bá pa á. Èéfín funfun kò sí, ọ́ìlì sì mọ́. Mẹkáníìkì kan ní kí a yọ thermostat (fáàfù tó ń fi ooru ṣí ọ̀nà omi sí rédíétọ̀) sọnù, èkejì ní tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì (èyí tó wà láàárín búlọ́ọ̀kù àti tọ́ọ̀pù sílíńdà) ti lọ. Ta ni ká gbọ́ tirẹ̀?

Àgbà_Sípánà (Ìsánlú)

Má tíì gbọ́ ti ẹnikẹ́ni nínú àwọn méjèèjì, àbúrò. Má ra páàtì, má sì jẹ́ kí wọ́n ṣí tọ́ọ̀pù sílíńdà.

Omi tó ń kán lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì lápá jíà kì í sábà jẹ́ ti gásíkẹ́ẹ̀tì lára M50. Wo họ́ọ̀sì hítà tó wọnú ògiri tó pín ẹ́ńjìnnì sí inú ọkọ̀. Wo fáàfù hítà tó wà nítòsí ibẹ̀. Lẹ́yìn náà, wo páìpù irin kan tó gba abẹ́ manifold afẹ́fẹ́ (èyí tó ń pín afẹ́fẹ́ sí sílíńdà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà) kọjá, tó ń dá omi hítà padà síwájú. Ẹni tó bá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì kò lè rí páìpù yìí, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń fojú fò ó. Omi tó bá jò lára rẹ̀ á rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì, á wá kán sórí ilé jíà. Ẹni tó bá dùbúlẹ̀ wò ó láti ìsàlẹ̀ á ní ọ́ìlì jíà ni, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ jíà kalẹ̀.

Ìdánwò pírẹ́ṣọ̀ ni kí o ṣe, kí ẹ́ńjìnnì sì ti tutù pátápátá, bí ìgbà tí ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́. Ìdí tí a fi fẹ́ kó tutù: tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná, ẹ̀kán tó bá bọ́ sórí irin á gbẹ kí ojú tó rí i, òórùn dídùn yẹn nìkan ni yóò kù. Ohun tí imú rẹ ń gbọ́ nìyẹn.

Tí o kò bá ní ohun èlò ìdánwò, wá ìdérí ike kúláǹtì àtijọ́ kan, lu ihò sí àárín rẹ̀, kí o fi fáàfù táyà sí i kó fún pinpin. Dé e, kí o wá fi pọ́ǹpù ẹsẹ̀ fa afẹ́fẹ́ sí i títí dé 1.5 bar, ìyẹn bíi 22 lórí géèjì fọganáísà tó ń ka psi. Pọ́ǹpù ẹsẹ̀ ni mo sọ o! Ẹ̀rọ fọganáísà á da afẹ́fẹ́ tó pọ̀ jù wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, rédíétọ̀ olórí ike á sì là láìtíì ka ení. Fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú méjì. Tí géèjì bá fi ju 0.1 bar lọ sílẹ̀, ó ń jò. Mú tọ́ọ̀ṣì àti dígí kékeré, kí o wá ojú omi náà. Fi ọwọ́ gbá abẹ́ àwọn họ́ọ̀sì, torí pé abẹ́ ni wọ́n ti ń là.

Ibi tí kúláǹtì ti ń jò tipẹ́ máa ń ní ìpẹ́ funfun tàbí àwọ̀ búlúù tàbí ewéko tó ti gbẹ mọ́ ọn. Tẹ̀lé ìpẹ́ náà lọ sókè títí yóò fi tán. Ibi tó tán sí gan-an ni orísun rẹ̀.

Rewire_Gbẹ̀dẹ̀ (Ayétòrò Gbẹ̀dẹ̀)

Ẹ̀gbọ́n ti sọ̀rọ̀ lórí jíjò. Èmi fẹ́ yọ gbígbóná inú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ sọ́tọ̀, nítorí àìsàn mìíràn lè wà níbẹ̀.

Tí mọ́tò bá ń sáré, afẹ́fẹ́ ojú ọ̀nà ń tu rédíétọ̀. Tí ó bá dúró, fáànù nìkan ló kù. Méjì ni fáànù tó wà lára E36: èyí tí bẹ́líìtì ń yí lórí pọ́ǹpù omi, àti ti iná tó wà níwájú rédíétọ̀. Ti àkọ́kọ́ ní kílọ́ọ̀ṣì olómi láàárín. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná dáadáa, pa á, kí o fi ọwọ́ ta fáànù náà. Ó yẹ kó le lọ́wọ́. Tí ó bá ń yí fìrìfìrì lọ, kílọ́ọ̀ṣì ti kú. Tún dì í mú kí o mì í síwá sẹ́yìn. Tí ó bá ń jó, bíárìn pọ́ǹpù omi ti jẹ nìyẹn, má sì wa mọ́tò náà mọ́, torí fáànù tó bá já lórí eré á gé rédíétọ̀, á tún gún bọ́nẹ́ẹ̀tì.

Ní ti fáànù iná, suwíìṣì rẹ̀ wà lára rédíétọ̀. Wo nọ́ńbà ara rẹ̀: 91/99 wà, 80/88 náà wà. Ìwọ̀n ooru tí yóò ti tan eré kékeré àti eré ńlá nìyẹn. Yọ ojú wáyà rẹ̀, ṣí kọ́kọ́rọ́ iná, kí o fi wáyà pélébé so wáyà ilẹ̀ (earth) àti ọ̀kan nínú àwọn tó kù pọ̀. Tí fáànù bá yí, suwíìṣì ló kú. Tí kò bá yí, wo fíúsì, rìléè, àti fáànù fúnra rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ géèjì: má fi ọkàn tán an. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ kì í tètè kúrò láàárín. Èyí tó burú jù ni pé tí omi bá ti sá kúrò lórí sẹ́ńsọ̀, afẹ́fẹ́ ni sẹ́ńsọ̀ ń wọ̀n, abẹ́rẹ́ á wá sọ̀ kalẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń jóná. Abẹ́rẹ́ tó bá ṣàdédé lọ sílẹ̀ lórí òkè, dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

BàbáṢọ́ọ̀bù (Ẹ̀gbẹ̀)

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí ń fi nǹkan kékeré ṣe ńlá. Ilẹ̀ Òyìnbó ni wọ́n ti nílò thermostat, torí yìnyín. Ooru tiwa níbí, kí ẹ yọ ọ́, kí ẹ da omi kànga sí i, kí ẹ máa lọ. Omi á máa rìn láìdúró, ẹ́ńjìnnì á tutù. Mọ́tò tó ń rìn bẹ́ẹ̀ láti Ẹ̀gbẹ̀ dé Ìlọrin pọ̀ lọ súà.

Àgbà_Sípánà (Ìsánlú)

Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá. Mo dọ̀bálẹ̀ kí n tó já a. Ọ̀rọ̀ yín lè rìn lára àwọn ẹ́ńjìnnì kan, ṣùgbọ́n kì í rìn lára eléyìí.

Thermostat M50 ní àwo méjì. Àwo iwájú ló ń ṣí ọ̀nà rédíétọ̀. Àwo ẹ̀yìn sì ń dí ọ̀nà àbùjá tí omi gbígbóná ń gbà padà sínú pọ́ǹpù láìdé rédíétọ̀. Tí àwo iwájú bá ti ń ṣí, ti ẹ̀yìn ń tì. Ẹ yọ gbogbo rẹ̀, ọ̀nà àbùjá á ṣí sílẹ̀ gbayawu. Apá kan omi á máa yí po nínú ẹ́ńjìnnì láì fojú kan rédíétọ̀ rárá. Ní ojú ọ̀nà tó já, ẹ́ńjìnnì á tutù jù, kọ̀ǹpútà á rò pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, á máa da epo sí i ju bó ti yẹ lọ. Nínú sún-kẹẹrẹ, ibi tí ìyà ti ń jẹ Owé_325 gan-an, á tún gbóná ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ohun méjèèjì la ó fi owó wa rà.

92 ló sábà máa ń wà lára thermostat ẹ́ńjìnnì yìí, ìyẹn 92°C. 88 náà wà. Ẹni tó bá ń bẹ̀rù ooru lè fi 88 sí i, àmọ́ kó má yọ ọ́. Láti dán an wò, ẹ fi okùn so ó kọ́ sínú ìkòkò omi lórí iná, kó má kan ìsàlẹ̀ ìkòkò, kí ẹ sì ki tẹmómítà bọ̀ ọ́. Ó gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí nítòsí nọ́ńbà ara rẹ̀, kó sì padà tì nígbà tí omi bá tutù.

Omi kànga ńkọ́? Ọ̀bájánà tí wọ́n ti ń wa òkúta ẹfun láti fi ṣe sìmẹ́ǹtì, agbègbè wa kọ́ nìyẹn bí? Omi ilẹ̀ tó bá gba inú irú òkúta bẹ́ẹ̀ kọjá le. Ẹ wo ìdí kẹ́tùlù. Ìpẹ́ funfun yẹn ni yóò lẹ̀ mọ́ inú tọ́ọ̀pù sílíńdà àti ojú ihò rédíétọ̀ tó tẹ́ẹ́rẹ́. Irin dúdú ni búlọ́ọ̀kù M50, alumíníọ̀mù ni tọ́ọ̀pù rẹ̀. Omi lásán láàárín irin méjì tó yàtọ̀ síra bẹ́ẹ̀ á máa jẹ alumíníọ̀mù náà díẹ̀díẹ̀, àwọn ojú ihò omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ gásíkẹ́ẹ̀tì ló sì máa ń kọ́kọ́ jẹ. Torí yìnyín kọ́ ni a ṣe ń lo kúláǹtì ní Kógí. Torí ìpáàrà, torí omi kó má tètè hó, àti torí sílì pọ́ǹpù ni.

BàbáṢọ́ọ̀bù (Ẹ̀gbẹ̀)

Ti àwo méjì yẹn, mo gbà. Ti omi, omi òjò ńkọ́?

Ìyá_Páàtì (Lọ́kọ́jà)

Bàbá, omi òjò tó ti orí páànù wá ní ìpáàrà àti eruku nínú. Omi tí wọ́n ń dà sí bátìrì ló dára, èyí tí kò ní ásíìdì nínú. Ẹ ka ara ike rẹ̀ dáadáa, torí ti ásíìdì àti ti omi máa ń jókòó ẹ̀gbẹ́ ara wọn nínú ṣọ́ọ̀bù. Píọ́ wọ́tà inú ọ̀rá kò ní èérí, ṣùgbọ́n ó ṣì ní iyọ̀ òkúta nínú. Tí ó bá di dandan lójú ọ̀nà, ẹ lò ó, kí ẹ sì fọ̀ ọ́ kúrò tí ẹ bá délé.

Ayédèrú kúláǹtì ti wá pọ̀ lọ́jà. Omi aláró lásán ni púpọ̀ nínú wọn. Bí ẹ ṣe máa mọ̀ ọ́n rèé: ẹ bu ìwọ̀n ife tíì kan nínú èyí tí wọ́n ní ó jẹ́ ìdajì-ìdajì, ẹ fi sínú ike, ẹ kọ OLÓRÓ sí i lára, ẹ gbé e sínú fírísà di ọjọ́ kejì. Ojúlówó ìdajì-ìdajì kò ní dì, torí -37°C ni ó ń dì, fírísà ilé kì í sì í sábà kọjá -18°C. Tí ó bá di yìnyín gbagidi, omi ni ẹ rà. Kí oúnjẹ má sì sí nítòsí rẹ̀.

Irú kúláǹtì tí E36 yìí ń fẹ́ ni èyí tí kò ní fọ́sífeètì àti náítíráìtì, àwọ̀ búlúù ni ti ilé iṣẹ́ náà máa ń ní. Àwọ̀ kò ju aró lọ ṣá, ẹ ka ara ike. Ẹ má da pupa pọ̀ mọ́ búlúù nítorí pé ó kù díẹ̀ nílẹ̀. Àwọn oògùn inú wọn lè bá ara wọn jà, kí wọ́n di ògì.

Ní ti páàtì: irin tòkúnbọ̀ ẹ lè rà á. Rọ́bà àti ike tòkúnbọ̀, láéláé. Họ́ọ̀sì, O-ring (òrùka rọ́bà tí kì í jẹ́ kí omi jò), ike kúláǹtì, ìdérí rẹ̀, rédíétọ̀ olórí ike, gbogbo wọn ni kó jẹ́ tuntun.

Owé_325 (Kàbà)

Ẹ ṣé púpọ̀. Mo ṣe ìdánwò pírẹ́ṣọ̀ náà. Ibi méjì ló ń jò. Èyí tó pọ̀ wà lábẹ́ manifold lọ́wọ́ ẹ̀yìn: họ́ọ̀sì kúkurú tó so páìpù irin mọ́ ti hítà, ó ti là lábẹ́ kílíìpù gan-an. Èkejì kéré, ihò kékeré kan nísàlẹ̀ pọ́ǹpù omi ń rin. Suwíìṣì fáànù iná pẹ̀lú ti kú, fáànù yí nígbà tí mo so wáyà. Ṣé mo lè fi gọ́ọ̀mù dí ihò ìsàlẹ̀ pọ́ǹpù yẹn títí di oṣù tó ń bọ̀?

Àgbà_Sípánà (Ìsánlú)

Rárá o! Ihò yẹn ni wọ́n dìídì lu sí i kí o lè mọ̀ pé sílì inú pọ́ǹpù ti jẹ. Tí o bá dí i, omi á yà sínú bíárìn, bíárìn á sì dì. Pààrọ̀ pọ́ǹpù náà. Àwọn kan ní abẹ̀bẹ̀ ike nínú tó máa ń fọ́ tàbí kó máa yọ̀ lórí ọ̀pá rẹ̀. Béèrè èyí tó ní abẹ̀bẹ̀ irin.

Bí o bá ti fẹ́ tú u, ṣe gbogbo rẹ̀ pa pọ̀: pọ́ǹpù, thermostat àti gásíkẹ́ẹ̀tì ilé rẹ̀, họ́ọ̀sì òkè àti ìsàlẹ̀, họ́ọ̀sì hítà méjèèjì, họ́ọ̀sì kúkurú tó là yẹn, O-ring páìpù irin, àti suwíìṣì. Wo ẹnu rédíétọ̀ níbi tí họ́ọ̀sì òkè ti wọ̀ ọ́. Ike ni. Tí ó bá ti di àwọ̀ kọfí tàbí tí èékánná bá ń ha á dànù bí ẹfun, pààrọ̀ rédíétọ̀ náà, torí ibẹ̀ ni pírẹ́ṣọ̀ tó ti padà bọ̀ sípò máa kọ́kọ́ ṣẹ́. Ohun tí ọ̀pọ̀ kì í rò rèé: tí o bá dí ojú kan tó ń jò, gbogbo pírẹ́ṣọ̀ tó ń sá níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ á wá dojú kọ ibòmíràn tó ti gbó.

Iṣẹ́ náà báyìí.

Kí ẹ́ńjìnnì tutù. Yọ bátìrì. Gbé agbada sábẹ́, kí o tú ìdí rédíétọ̀. Ike ni, fi sùúrù yí i. Èyí kò tó: bóòtù mìíràn wà lára búlọ́ọ̀kù ní ẹ̀gbẹ́ tí èéfín ń gbà jáde, lábẹ́ manifold èéfín. Tí o kò bá tú u, lítà púpọ̀ nínú omi àtijọ́ á kù sínú ẹ́ńjìnnì. Nígbà tí o bá ń dá a padà, fi wáṣà tuntun sí i, 25 Nm (Nm ni ìwọ̀n agbára tí a fi ń fún bóòtù).

Fáànù: nọ́ọ̀tì ńlá 32 mm ló dì í mú, òdì ni ó sì ń yí. Tí o bá dojú kọ ẹ́ńjìnnì láti iwájú, ọ̀nà tí ọwọ́ aago ń gbà ni o máa yí i láti tú u. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣẹ́ pọ́ǹpù nìyí, wọ́n á máa fún un, wọ́n á lérò pé àwọn ń tú u. Fi òòlù kékeré lu ìdí sípánà náà lẹ́ẹ̀kan gírí, ó máa ń jọ̀wọ́. Gbé fáànù náà sílẹ̀ ní ìdúró, má tẹ́ ẹ, kí òróró inú kílọ́ọ̀ṣì má bàa kúrò níbi tó yẹ. 40 Nm nígbà tí o bá ń dá a padà.

Kí o tó yọ bẹ́líìtì, kọ́kọ́ dẹ bóòtù mẹ́rin ojú púlì pọ́ǹpù, torí bẹ́líìtì ló ń bá ọ dì í mú. Lẹ́yìn náà yọ bẹ́líìtì, yọ púlì, tú nọ́ọ̀tì mẹ́rin pọ́ǹpù. Kò ní fẹ́ jáde. Má fi súkúrúdíráfà há a, wàá ha ojú alumíníọ̀mù. Ihò méjì tó ní ojú ìyí wà lára pọ́ǹpù náà fúnra rẹ̀: ki bóòtù M6 méjì sí i, máa yí wọn díẹ̀díẹ̀ ní ìkọ̀ọ̀kan, wọ́n á ti pọ́ǹpù jáde fúnra wọn. Nu inú ihò náà mọ́, fi kúláǹtì díẹ̀ pa O-ring tuntun lára, kí o ti pọ́ǹpù wọlé gbọọrọ. M6 kò ju 10 Nm lọ. Ẹni tó bá fún un jù á fá ojú ìyí inú alumíníọ̀mù, ó sì di kí a máa wá ẹni tó máa lu ihò tuntun.

Ilé thermostat ni ó kàn. Àmì ọfà tàbí ihò afẹ́fẹ́ kékeré ara thermostat gbọ́dọ̀ wà lókè. Tí ilé náà bá jẹ́ ike tó ti wọ́, fi ti alumíníọ̀mù rọ́pò rẹ̀.

Manifold ló máa gba àkókò jù. Dín pírẹ́ṣọ̀ epo kù kí o tó tú ohunkóhun: yọ fíúsì pọ́ǹpù epo, ta ẹ́ńjìnnì títí yóò fi kú. Èyí ni o máa ṣe ṣáájú bátìrì. Tú ìdérí ike, gbé ọ̀pá epo pẹ̀lú íńjẹ́tọ̀ rẹ̀ sókè, tú họ́ọ̀sì afẹ́fẹ́ àti wáyà, kí o fi bébà lẹ orúkọ mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Irin kan wà lábẹ́ tó gbé manifold ró, má gbàgbé rẹ̀. Tí manifold bá ti kúrò, fi aṣọ mímọ́ dí ojú ihò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lójú ẹsẹ̀. Nọ́ọ̀tì kan ṣoṣo tó bá jábọ́ síbẹ̀, tọ́ọ̀pù á di ṣíṣí. Gásíkẹ́ẹ̀tì manifold tuntun, 15 Nm fún M7, 22 Nm fún M8.

Mẹkáníìkì_Mọ̀pà (Mọ̀pà)

Ẹ̀gbọ́n, ṣé kò burú tí a bá fi gọ́ọ̀mù gásíkẹ́ẹ̀tì pa O-ring náà kó lè fún dáadáa?

Àgbà_Sípánà (Ìsánlú)

Ó burú. O-ring ń fún nípa kí ó fẹ̀ lábẹ́ pírẹ́ṣọ̀. Gọ́ọ̀mù á jẹ́ kó yọ̀ kúrò níbi tó yẹ nígbà tí o bá ń tì í wọlé, èyí tó ṣẹ́kù á já sínú omi, á lọ dí hítà. Ti ilé thermostat náà rí bẹ́ẹ̀: gásíkẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ tó, gbígbẹ ni kí o fi sí i.

Ẹ jẹ́ kí n fi ti ìyẹ̀fun àti òróró adíjò kún un, kí ẹnikẹ́ni má bàa dábàá rẹ̀. Ata gígún, atalẹ̀, èyí tí wọ́n ń tà nínú ike, gbogbo wọn kì í mọ ihò tó ń jò yàtọ̀ sí ihò tẹ́ẹ́rẹ́ inú rédíétọ̀.

Ìyá_Páàtì (Lọ́kọ́jà)

Kílíìpù nìkan ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé. Họ́ọ̀sì yẹn là lábẹ́ kílíìpù nítorí kílíìpù oníhò gbọọrọ tí a ń fi súkúrúdíráfà fún ni, etí ihò rẹ̀ ń gé rọ́bà. Ẹ béèrè èyí tí inú rẹ̀ dán, tàbí onísípíríǹgì tó ń fún ara rẹ̀. Ti onísípíríǹgì dára jù fún ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì níbi tí ọwọ́ kì í dé, torí rọ́bà ń fẹ̀ nígbà ooru, ó sì ń súnkì nígbà òtútù. Ìdí nìyẹn tí mọ́tò kan fi ń jò ní òwúrọ̀ ọyẹ́ nìkan, tó sì ń gbẹ ní ọ̀sán.

Ìdérí ike kúláǹtì: ẹ wo nọ́ńbà orí rẹ̀. 200 túmọ̀ sí 2.0 bar, 140 túmọ̀ sí 1.4 bar. Àwọn méjèèjì ló máa bá a mu.

Rewire_Gbẹ̀dẹ̀ (Ayétòrò Gbẹ̀dẹ̀)

140 ni mo fara mọ́ fún mọ́tò tó ti pẹ́ báyìí. Lábẹ́ 1.4 bar, omi lásán pàápàá kò ní hó títí di nǹkan bí 126°C. Lábẹ́ 2.0 bar, nǹkan bí 133°C. Kúláǹtì tó wà nínú rẹ̀ á tún fi díẹ̀ kún un. Ẹ́ńjìnnì tó bá dé 126°C ti wà nínú wàhálà tẹ́lẹ̀, kí ló wá fẹ́ fi èyí tó ṣẹ́kù ṣe? Ike àti họ́ọ̀sì ni yóò jàǹfààní pírẹ́ṣọ̀ tó dínkù.

Àgbà_Sípánà (Ìsánlú)

Àwa méjì kò ní fẹnu kò lórí èyí. 200 ni mo fi máa ń sí i tí gbogbo ike bá jẹ́ tuntun, torí lórí òkè, inú tọ́ọ̀pù sílíńdà nítòsí ibi tí iná ń jó gbóná ju ohun tí sẹ́ńsọ̀ ń sọ lọ. Ṣùgbọ́n tí rédíétọ̀ àtijọ́ bá ṣì wà níbẹ̀, 140, a ti parí ìyẹn.

Owé_325 (Kàbà)

Lítà mélòó ni kí n rà, báwo sì ni mo ṣe máa da á? Wọ́n ní afẹ́fẹ́ máa ń há nínú E36.

Àgbà_Sípánà (Ìsánlú)

Ó ń há dáadáa. Gbogbo omi rẹ̀ jẹ́ lítà 10.5. Kúláǹtì gidi 5.25, omi bátìrì 5.25. Tí o bá ra èyí tí wọ́n ti pò tán, má tún fi omi kún un.

Wo èyí: tí o bá fi omi fọ inú ẹ́ńjìnnì, omi fífọ̀ yẹn kò ní jáde tán. Ẹni tó bá wá ń da ìdajì-ìdajì sí i kò ní rí ìdajì-ìdajì. Kọ́kọ́ da gbogbo kúláǹtì gidi 5.25 náà sí i, kí o wá fi omi bátìrì kún un títí yóò fi kún. Ìwọ̀n yóò bọ́ sípò fúnra rẹ̀.

Gbé iwájú mọ́tò sókè díẹ̀, tàbí kí o gbé e sórí ibi tó ga. Ṣí kọ́kọ́rọ́ dé ibi tí iná dáṣíbọ́ọ̀dù ń tàn láìta ẹ́ńjìnnì, yí hítà sí gbígbóná jù, kí afẹ́fẹ́ rẹ̀ wà ní kékeré. Súkúrúù ìtú-afẹ́fẹ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdérí. Tú u díẹ̀. Máa da kúláǹtì jẹ́jẹ́ títí afẹ́fẹ́ kò fi ní bá èyí tó ń jáde níbẹ̀ wá mọ́. Dé súkúrúù náà, ìka ni kí o fi fún un, ike ni, ó máa ń ṣẹ́. Ta ẹ́ńjìnnì, jẹ́ kó gbóná, kí o fi ọwọ́ kan ẹnu hítà. Tí afẹ́fẹ́ tútù bá ń jáde nígbà tí géèjì ti dé àárín, afẹ́fẹ́ ṣì há. Pa á, jẹ́ kó tutù, tún un ṣe. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ṣí súkúrúù yẹn tàbí ìdérí nígbà tí ó bá gbóná: omi tó ju 100°C lọ ni, kíá ló máa ń di oru sí èèyàn lójú.

BàbáṢọ́ọ̀bù (Ẹ̀gbẹ̀)

Ẹ jẹ́ kí n fi ti tọ́ọ̀pù kún un, torí mọ́tò tó bá ti gbóná kọjá ààlà lẹ́ẹ̀kan, ó yẹ kí a dán an wò. Ẹ gba oògùn ìdánwò tó ní àwọ̀ búlúù, èyí tí a ń fi ẹ̀rọ rẹ̀ fa èéfín ẹnu ike kúláǹtì kọjá. Tí ó bá di yẹ́lò, èéfín sílíńdà ti ń wọ inú omi. Àmì kejì ni kí họ́ọ̀sì òkè le koránkorán láìpẹ́ lẹ́yìn tí ẹ ta á, nígbà tí omi kò tíì gbóná.

Tí ó bá di ṣíṣí, ẹ má tún bóòtù àtijọ́ lò. Wọ́n ti nà. Ẹ gbá omi àti ọ́ìlì kúrò nínú ihò bóòtù, torí omi tó bá wà nísàlẹ̀ ihò kò lè fún mọ́ra, búlọ́ọ̀kù ni yóò là. Láti àárín lọ sí etí ni a ń fún un: 30 Nm, lẹ́yìn náà ìyí 90°, lẹ́yìn náà ìyí 90° mìíràn. Ẹ fi irin tó gún régé lé ojú tọ́ọ̀pù wò ó bóyá ó ti wọ́ kí ẹ tó gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń fá a. Tí wọ́n bá fá a, gásíkẹ́ẹ̀tì tó fi 0.3 mm nípọn ju ti àtètèkọ́ṣe lọ wà fún un. Ẹ má fi ti àtètèkọ́ṣe sí tọ́ọ̀pù tí a ti fá, torí fáàfù máa súnmọ́ pístìnì jù, epo ìlú yìí sì máa ń lu ẹ́ńjìnnì tí ìfúnpọ̀ rẹ̀ bá ga.

Àgbà_Sípánà (Ìsánlú)

Ẹ ṣé gan-an, Bàbá. Owé_325, tí o bá parí, kọ́kọ́ tún ìdánwò 1.5 bar náà ṣe ní tútù kí o tó ta á rárá. Lẹ́yìn náà lọ sí Ìyàrà kí o padà, jẹ́ kó sùn, kí o wo ìwọ̀n ní òwúrọ̀. Ó máa ń lọ sílẹ̀ díẹ̀ ní àkọ́kọ́ bí afẹ́fẹ́ tó kù ti ń jáde. Fi kún un. Tí ó bá tún lọ sílẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, wo ilẹ̀ ọkọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹni tó jókòó níwájú. Tí kápẹ́ẹ̀tì bá rin tó sì ń rùn dùn, rédíétọ̀ kékeré inú hítà ló kù.

Ìyá_Páàtì (Lọ́kọ́jà)

Kúláǹtì àtijọ́ yẹn, má dà á sílẹ̀ lágbàlá o. Ó dùn lẹ́nu, ewúrẹ́ àti ajá á lá a, àwọn ọmọdé náà. Ó máa ń pa kíndìnrín. Rọ ọ́ sínú ike olómọrí, kọ nǹkan sí i lára, kí o gbé e síbi tó ga títí ẹni tó ń kó ọ́ìlì àlòkù yóò fi dé. Àti họ́ọ̀sì kúkurú: gé díẹ̀ nínú ti àtijọ́ wá fún mi kí n wo bí ihò inú rẹ̀ ti fẹ̀ tó, torí àwọn tó ń tà á máa ń pe ti hítà àti ti páìpù ní orúkọ kan náà.

Owé_325 (Kàbà)

Ó ti wà nínú ọ̀rá. Ọjọ́ ọjà ni mo máa fi ránṣẹ́ sí yín, Ìyá.